Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Àwọn Ọmọ Wọ̀nyí Mọ́ Ọmọ

Lẹ́tà ṣíṣí sí Aláyélúwà Akìrun ti Ìkìrun, sí Aláyélúwà Olókukù ti Òkukù, sí Aláyélúwà Olúnísà ti Inísà, àti sí ẹ̀yin Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn

Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀yin Alága, bí èmi ọmọ bíbí ẹ̀bá odò Ọ̀tìn, tí mo ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, bá wá ń pe àkíyèsí yín ní gbangba dípò kí n wá kúnlẹ̀ ní ààfin, ẹ má ṣe kà á sí àìmọ̀wàáhù sí mi lọ́rùn; ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo agbo ilé mọ̀, tí gbogbo agbo ilé sì ń bò mọ́lẹ̀, ọgbẹ́ tí a bá sì bò mọ́lẹ̀ kì í jinná.

Ní Ìkìrun, ní Inísà, ní Òkukù, títí dé àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, àwọn ọmọ kan wà tí a kì í dá aṣọ ọdún fún, tí a kì í rán ní iṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kejì, tí ìyá wọn kì í sì í dárúkọ nígbà tí àlejò bá béèrè pé ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Òmíràn nínú wọn ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò tíì pe ìyá rẹ̀ rí. Òmíràn ti ń sọ "gbà", ó ti ń sọ "omi", nígbà tí ó ṣe, ọ̀rọ̀ náà pòórá lẹ́nu rẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Òmíràn kì í wo ojú ẹni, ṣùgbọ́n yóò jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí yóò máa wo bí àgbá rẹ̀ ti ń yí. Òmíràn a sì máa ki ìka bọ etí méjèèjì bí ẹ̀rọ ìlọta bá ti dún. Ìlú ti fún wọn ní orúkọ: ọ̀dẹ̀, dìndìnrìn, odi, ẹlẹ́gbẹ́, ọmọ àwọn tí ń bẹ nínú omi. Àwọn dókítà ọmọdé ní orúkọ tiwọn náà. Èyí tí mo ṣàpèjúwe yìí ni wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù, èyí tí í ṣe pé láti inú oyún ni ọpọlọ ọmọ náà ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà; wọ́n sì tò ó mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń fa ìdàgbàsókè ọmọ sẹ́yìn, bí i wárápá, ìdití, àìríran, àti ọpọlọ tí ó ṣèṣe ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ènìyàn kan nínú 127 ni ó ní ọ́tísíìmù káàkiri ayé. Kò sí ohun tí ó wí fún wa pé kí ẹ̀bá Ọ̀tìn má sí nínú ayé náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Obìnrin kan ń ta ata àti ẹ̀gúsí ní ọjà Òkukù, ọmọkùnrin rẹ̀ a sì máa jókòó lábẹ́ tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ìgò tí ó ti ṣà jọ. Yóò tò wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ tábìlì dé ẹsẹ̀ tábìlì, pupa tẹ̀lé pupa, funfun tẹ̀lé funfun, bí ẹsẹ̀ oníbàárà bá sì ṣèèṣì gbá ọ̀kan kúrò, igbe tí yóò bú sí yóò mú kí gbogbo ìsọ̀ yíjú padà. Ìyá rẹ̀ kì í nà án. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wá ìdérí náà rí, yóò dá a padà sí ojú rẹ̀ gan-an, igbe yóò sì dá. Mo bi í bóyá etí ọmọ náà ni kò là. Kò dá mi lóhùn. Ó pe ọmọ náà ní orúkọ, ó tún un pè, ọmọ kò gbé orí sókè. Nígbà náà ni ó mú ọ̀rá bisikíìtì kan, tí ó rún un mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kíá ni ọmọ ti yíjú. "Etí rẹ̀ là, Tíṣà," ni ó wí. "Èmi ni kò gbọ́."

Ẹ̀yin Kábíyèsí, obìnrin tí kò ka ìwé kọjá ìwé mẹ́fà ni ó dá àyẹ̀wò yìí ṣe fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò náà sì tọ́, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí dókítà ọmọdé yóò fẹ́ mọ̀ ni pé bóyá ọmọ kò gbọ́ràn ni tàbí bóyá ó gbọ́ ṣùgbọ́n tí ohùn ènìyàn kò fà á mọ́ra. Síbẹ̀, kí ni ìlú fi san án fún làákàyè rẹ̀? Àwọn ẹbí ọkọ ní ó fi oyún rìn ní ọ̀sán gangan. Àwọn kan ní ó jẹ ohun tí aboyún kì í jẹ. Àwọn kan mú un lọ sí orí òkè, wọ́n ní kí ó gba ààwẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ náà ti bá ẹgbẹ́ mulẹ̀, kí ó wá rúbọ. Ọkọ gbọ́ títí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Èkó. Ẹni tí ó bímọ ni a dá lẹ́bi, ẹni tí ó sá ni a ń kí ní "ẹ kú ìrọ́jú".

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni a di ẹ̀bi ru ìyá rí. Ní ọdún 1943, Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn àwọn ọmọ 11 tí wọ́n dá wà láàárín èrò, láti inú ìròyìn náà sì ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́tísíìmù yàtọ̀ sí wèrè àti sí agọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan lọ́hùn-ún fi bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ dénú ni ó ń fà á. Bruno Bettelheim ní Chicago sì kọ odidi ìwé kan tì í lẹ́yìn ní 1967, àìmọye ìyá ni ó sì tipa bẹ́ẹ̀ fi ìtìjú bo ojú. Ìbejì ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí ó dùn mọ́ àwa tí a mọ iyì ìbejì ju gbogbo ayé lọ. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí orísìí ìbejì 21 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Táyé tàbí Kẹ́hìndé ti ní ọ́tísíìmù: nínú orísìí 11 tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde, mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ti ní i, nínú orísìí 10 tí ẹyin wọn yàtọ̀, kò sí ibi kankan tí àwọn méjèèjì ti ní i. Ìyá kan náà ni ó tọ́ wọn, ọmú kan náà ni wọ́n mu. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó fa ìyàtọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e ti ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí a bí mọ́ni ni ó ní ipa tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀ràn yìí. Oòrùn ọ̀sán kò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ẹ bá wá béèrè pé kí ni a mọ̀ nípa àwọn ọmọ tiwa gan-an, ìdáhùn rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣófo. Ọ̀gbẹ́ni Victor Lotter rin ìrìn-àjò káàkiri àwọn ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó yẹ àwọn ọmọ tí ó lé ní 1,300 wò ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, nígbà tí ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978, ọmọ 9 péré ni ó kà sí ọlọ́tísíìmù. Àwọn kan fi èyí wí pé àrùn òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Inú yàrá ni àwọn ọmọ tí ó ń wá wà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkẹ́olúwa Lágúnjú, dókítà ọmọdé tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, òun pẹ̀lú Tolúlọpẹ́ Bella-Awusah àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbòdùn, wá jókòó ti àwọn aláìsàn tiwa fúnra wọn, ọmọ 54 ni wọ́n rí nínú 2,320, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ ní 2014. Ojú tí ó mọ ohun tí ó ń wò ni ó rí i. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó rí owó ọkọ̀ san dé Ìbàdàn nìkan ni a rí kà níbẹ̀. Aláta Òkukù kò sí nínú wọn.

Dókítà ọmọdé mìíràn tí ó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé ìlú ni Bọ́lájókò Olúsànyà ti Èkó, ẹni tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ jìn fún àwọn ọmọ tí ìdàgbàsókè wọn fà sẹ́yìn. Ní 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ka irú àìlera mẹ́fà, tí ọ́tísíìmù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 195. Wọ́n rí i pé mílíọ̀nù 52.9 ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 2016, pé nínú 100 wọn, nǹkan bí 95 ni ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí, àti pé láti 1990 títí di 2016, iye wọn ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fi ohun tí ó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Láàárín ọdún wọ̀nyí kan náà ni ikú ọmọdé ń dínkù. Àwọn Kábíyèsí yóò rí ohun tí èyí ń wí: abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn ibà ti gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà láti bi ọmọ tí ó là á já bí ara ti rí.

Àìlera wọ̀nyí kò sì jọ ara wọn ní ti ìdènà. Ọ́tísíìmù kò ní oògùn tí í lé e lọ, kí a má tan ara wa jẹ, ẹni tí ó bá sì ń ta oògùn rẹ̀ fún ìyá ọmọ, olè ni. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ lẹ́yìn tí a ti bí i ní pípé wà, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì wà ní ìkáwọ́ wa. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun jẹ́ ọ̀kan: bí ojú àti ara ọmọ bá pọ́n rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ tí a kò tètè tọ́jú rẹ̀, ohun tí ó pọ́n ẹ̀jẹ̀ náà yóò wọ inú ọpọlọ, yóò sì sọ ọmọ di adití tàbí arọ. Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún nínú wa ni ó ní ẹ̀jẹ̀ tí kò lè fara da kánfọ̀, tí kánfọ̀ náà sì lè fa ibà pọ́njú sí i lára; síbẹ̀, àwa a máa kó kánfọ̀ sí ààrin aṣọ tí a fẹ́ fi wé ọmọ tuntun. Dókítà Olúsànyà àti Tina Slusher láti Minnesota fi hàn, ní Èkó ní 2015 àti lẹ́yìn náà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí wa, pé bí a bá na ọ̀rá àkànṣe kan tí í sẹ́ oòrùn bí ẹni ta àtíbàbà, ìmọ́lẹ̀ tí ó gba inú rẹ̀ kọjá ń wo ibà pọ́njú láìsí iná mànàmáná, kò sì rẹ̀yìn sí ẹ̀rọ oníná. Kí ìyá má wá torí èyí gbé ọmọ sí oòrùn lásán o. Ọ̀rá náà ni ó ń sé èyí tí ń jóni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti giri: láti àìpẹ́ lẹ́yìn òmìnira ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ pé àgbo ìtọ̀ màlúù tí a pò mọ́ ewé tábà, tí a ń rọ sí ọmọ tí giri mú lẹ́nu, a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, a sì máa dín èémí kù, títí tí ọpọlọ yóò fi ṣá. Giri ti lọ tán, àgbo ni ó kù tí ó ń jà.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ìwádìí ìjìnlẹ̀ kì í ṣe ti ìlú kékeré, pé kí a jẹ́ kí Èkó àti Ìbàdàn ṣe é. Ìpínlẹ̀ wa yìí gan-an ni yóò dá a lóhùn. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, David Morley, dókítà ọmọdé tí ó wà ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, lọ ṣí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sí Ìmèsí-Ilé, ó ń wọn àwọn ọmọ lóṣooṣù láti ọjọ́ ìbí wọn, ó sì ṣe káàdì kan tí ìyá yóò máa tọ́jú sí ilé, tí a ń fa ìlà ìdàgbàsókè ọmọ sí lára. Láti abúlé kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni káàdì náà ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ní ayé. Ọmọ rẹ̀ ni èyí tí àwọn ìyá wa ń fi ọ̀rá wé sínú àpò títí di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun náà kò dúró sí Ìbàdàn kí àwọn onígbàjámọ̀ àti àgbẹ̀ Igbó-Ọrà wá bá a. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n rìn níbẹ̀, wọ́n ka ènìyàn 18,954, kí wọ́n tó sọ ní 1987 iye tí wárápá ń ṣe. Ohun tí Ìmèsí ṣe, tí Igbó-Ọrà ṣe, kò ju ohun tí Ìkìrun, Inísà àti Òkukù lè ṣe lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè mi lọ́wọ́ yín mẹ́rin ni.

Èkíní jẹ́ ti ẹ̀yin Alága. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ní ilé-ìwòsàn alábọ́dé nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 9, wọ́n sì tún ń padà wá ní oṣù 15 fún abẹ́rẹ́ ìgbóná-èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí òṣìṣẹ́ ìlera bi wọ́n ní ìbéèrè mélòó kan ní ọjọ́ náà kí wọ́n tó dìde lórí bẹ́ńṣì: bí o bá pè é, ṣé ó ń yíjú? Bí o bá rẹ́rìn-ín sí i, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín padà? Ṣé ó ń fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó fẹ́ kí ìwọ náà rí? Ṣé ó ń juwọ́ ó dàbọ̀? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ kan ti pòórá? Ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ bá mú ìfura dání, kí a kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, kí a sì kọ ìwé fún ìyá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN) ní Òṣogbo. Èyí kì í ṣe àlá, nítorí pé Dókítà Olúsànyà ti ṣe irú rẹ̀: ní Èkó, ní ibi tí a ti ń gún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ BCG, ni wọ́n ti yẹ etí àwọn ọmọ tí ó tó 2,000 wò, wọ́n sì kọ àbọ̀ rẹ̀ sí ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2008. Bí ẹ̀rù bá sì ń ba ìyá kan pé abẹ́rẹ́ náà ni ó ń fa ọ́tísíìmù, kí a wí fún un pé àròkọ tí ó dá ẹ̀rù náà sílẹ̀ ní 1998 ni ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀ fagi lé ní 2010, nígbà tí ó hàn pé òtítọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Èkejì, kí a kà wọ́n. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹ̀ka ní Òkukù, níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹsẹ̀, wọ́n ní bírò, wọ́n gbọ́ èdè wa. Kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì àti àwọn dókítà ọmọdé Òṣogbo jọ jókòó, kí wọ́n kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò wò, kí a sì rìn láti ojúlé dé ojúlé, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá ń béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, iye ni ẹ ó máa dá, ẹ kò ní máa dá àbá.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹ̀yin Kábíyèsí nìkan, nítorí pé kò sí dókítà tí ó lè ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kan ilẹ̀kùn, ìyá kò ní ṣí yàrá bí ó bá mọ̀ pé ẹ̀bi ni yóò jáde. Ẹ sọ ọ́ ní ààfin, ẹ jẹ́ kí àwọn baálẹ̀, ìyálọ́jà, àwọn ìmáàmù àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn gbé e dé ibi gbogbo, pé a kò gbọ́dọ̀ bi obìnrin kankan mọ́ pé kí ni ó ṣe tí ó fi bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé a kò gbọ́dọ̀ de ọmọ kankan mọ́lẹ̀, kí a nà án, tàbí kí a fi ebi pa á pé a ń lé nǹkan jáde ní ara rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n mọ òrìṣà ju wa lọ kò fi abuké, arọ àti àfín ṣe yẹ̀yẹ́; ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ní Ọbàtálá, alámọ̀ rere, ni ó mọ ìdí tí ó fi mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun Ìlọrin tú Òkukù ká láyé ogun Jálumi, Ìkìrun ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí ogun fi rọlẹ̀ pátápátá tí wọ́n fi padà sílé. Ìkìrun kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe tí ogun fi wá bá wọn. Irú ìgbàlejò bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Nínú ilé pẹ̀lú, ohun kan wà tí a ní tí ilé-ìwòsàn kò ní. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń kọ́ àwọn òbí pé kí wọ́n jókòó sí ìpele kan náà pẹ̀lú ọmọ, kí wọ́n ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe, kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ kúkúrú kan náà sọ lójoojúmọ́, ní ìgbà ìwẹ̀, ní ìgbà oúnjẹ, láìretí ìdáhùn kíákíá. Ta ni yóò kọ́ ìyá Òkukù ní èyí, Òkukù ìlú oríkì, tí òyìnbó ti wá kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa? Ọmọ tí kò lè dáhùn "Àjàní" ṣì ni Àjàní. Kí ìyá àgbà má ṣe torí pé kò wo ojú òun kí ó wá dá oríkì rẹ̀ dúró. Kí ó máa kì í bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́, bí ó ti ń fi òróró pa á lára, ní ohùn kan náà, ní ìlà kan náà, nítorí pé ohun tí kì í yí padà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn jù.

Ẹ̀kẹrin ni ilé-ẹ̀kọ́. Òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláìlera, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì fi ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lé orí ẹni tí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, àti ₦1,000,000 lé orí ilé iṣẹ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin nìkan kò sì lè kọ́ ọmọ ní A-B-D. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977, ó ń tú olùkọ́ jáde lọ́dọọdún. Kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì wá olùkọ́ kan, ẹyọ kan ṣoṣo, gbà fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a fún un ní yàrá kan tí kò kún, tí ariwo kò pọ̀ níbẹ̀, kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣeré ní àkókò ìsinmi. Mo kọ́ irú wọn rí kí n tó mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin láti Èkó títí dé Kánò lórí, ó sì ń tò wọ́n láì fo ọ̀kan.

Ẹ ó wí pé owó dà, èmi náà kò sì fi ojú fo ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ohun tí mo béèrè, ẹ ó rí i pé èyí tí ó wọ́n jù nínú rẹ̀ ni owó oṣù olùkọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè orí bẹ́ńṣì kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ọba kò ná ọba ní kọ́bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí wọn yóò fi gba oyè. Ohun tí àìṣe rẹ̀ ń ná wa ni ó pọ̀: ìyá tí kò lè tajà nítorí pé kò rí ẹni fi ọmọ tì, ilẹ̀ tí a tà nítorí ìwòsàn àwọn oníjìbìtì, ọmọ tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún méjì tí a kò mọ ohun tí ó ń ṣe é títí ó fi pé mẹ́wàá. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọpọlọ ọmọ kì í dúró de ìgbà tí ìjọba bá ráyè.

Ẹnìkan ní í bímọ, gbogbo ayé ní í bá a tọ́ ọ. Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ìpàdé ìgbìmọ̀ yín tí ó kàn. Ẹ̀yin Alága, ẹ ránṣẹ́ sí alákòóso ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín kí oṣù yìí tó parí, kí ó wá sọ fún yín ilé-ìwòsàn alábọ́dé wo ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré ní Ìkìrun, ọ̀kan ní Inísà, ọ̀kan ní Òkukù, ó tó. Èmi yóò wá jókòó pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì, n óò bá wọn túmọ̀ ìbéèrè náà sí ohùn tí àwọn ìyá wa ń fọ̀, n kò sì ní gba owó.

Kí Ọlọ́run ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ọgbọ́n tí a fi ń tún ìlú ṣe. Àṣẹ.

Èmi ni ọmọ yín, ìránṣẹ́ yín ní tòótọ́,

Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Odò-Ọ̀tìn